Ìdérí Tí Kò Lórùka: Bí A Ṣe Lé Ike Àlòkù Kúrò Lẹ́gbẹ́ Wa

Ní ọdún tí àwọn ọmọ padà sí ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti tì wá mọ́lé, èmi ni igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ìfẹ̀yìntì mi kò ju ọdún kan lọ mọ́. Mo ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa rí, mo ti bá wọn da iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo sì ti sun àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan nítorí pé mo kọ̀ láti ṣí géètì fún àwọn tó fẹ́ fi ipá dá wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Mo gbà pé ìjà ayé mi ti tán, pé ohun tó kù ni kí n lọ jókòó sí ilé mi ní Bárúwà, kí n máa mu omi tútù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń wá bi mí nípa ìdáṣẹ́sílẹ̀ àtijọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí. Ìjà tí inú mi dùn sí jù lọ ni èyí tí mo jà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ìjà lórí ike omi àti ìdérí rẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ kí n tó ròyìn bí a ṣe ṣẹ́gun, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọwọ́ ara mi ṣe.

Obìnrin kan wà tó ń ta zóbò ní ẹnu géètì wa. Ìyá Kúdí ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, mo sì fi ọdún bíi mélòó kan jù ú lọ. Òdòdó ìṣápá pupa ló ń sè, á fi atalẹ̀ sí i, á fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí i, á wá rọ ọ́ sínú àwọn ike kéékèèké tí omi ti wà nínú wọn rí. Bí aago ìsinmi bá ti lù, àwọn ọmọ á bò ó mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ mẹ́sàn-án nínú kíláàsì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Gbogbo wọn ló ti mu zóbò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, àwọn òbí ti kún ọ́fíìsì wa. Ìyá kan bọ́ bàtà rẹ̀, ó nà án sí mi nímú. Ẹ̀rù bà mí, ìtìjú sì mú mi, nígbà tí méjèèjì bá pàdé lára ẹni tó ní agbára díẹ̀, ẹnìkan yóò jìyà rẹ̀. Mo mú bébà, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fòfin de obìnrin yìí ní agbègbè ilé ẹ̀kọ́ nítorí ìdọ̀tí, mo fọwọ́ sí i, mo lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ géètì, mo fi ọ̀kan sí fáìlì, mo fún un ní ọ̀kan.

Ìyá Kúdí kúnlẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀. "Tíṣà, ẹ fojú àánú wò mí. Ẹ tẹ̀lé mi délé kí ẹ wá wo bí mo ṣe ń sè é. Mo ń bọ̀ ọ́ dáadáa ni, Tíṣà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ń sẹ́ ẹ."

"Dìde jàre," ni mo wí. "Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ kúrò lẹ́nu géètì mi."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kìíní wí, obìnrin tó ti bí ọmọ, tó ń tọ́ ọmọ. Ó ká ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́rin, ó fi há ìró, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rù, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, "oní-zóbò ìgbẹ́ gbuuru" ni wọ́n ń pè é láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á láyè mọ́. Kò sì sí ẹni tó yẹ ike wò nínú gbogbo wa. Zóbò la dá lẹ́bi, ó tán. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni mo bẹ́, kò dùn mí.

Mo fẹ̀yìn tì. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Lónìí á dá, lọ́la á tún bẹ̀rẹ̀, títí mo fi gbé ara mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí jẹ́ ọmọ Oǹdó kan tí wọ́n ń pè ní Bọ́sẹ̀, ọmọdébìnrin tí ojú rẹ̀ dàbí ẹni tí kò lè pa eṣinṣin, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú.

"Mọ̀mí, omi wo lẹ ń mu?"

"Omi tí mo fọwọ́ ara mi sè ni," mo ní, mo sì gbé àyà.

"Inú kí lẹ ń rọ ọ́ sí?"

Mo fa ike mi yọ nínú báàgì. Bébà ara rẹ̀ ti ṣí dànù tipẹ́, ara rẹ̀ sì ti ṣú díẹ̀. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti ní in. Mo ronú títí, mo rántí pé níbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò mi ni mo ti mú un bọ̀, ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ti lóyún kejì kí n tó dé iwájú nọ́ọ̀sì yìí. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ mú àlùmọ́gàjí, ó gé ike mi sí méjì lójú mi, ó fi òwú funfun nu inú rẹ̀ níbi èjìká, níbi tí ike ti ń tẹ̀ lọ sí ẹnu. Nígbà tó fi òwú náà hàn mí, ó ti di àwọ̀ ewé, ó sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá.

"Mọ̀mí, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe ike yìí fún. Ẹnu rẹ̀ há, ọwọ́ ò lè wọ̀ ọ́, kànìnkànìn ò sì lè dé ibi tó yẹ. Bí inú rẹ̀ bá ti fá, tó ní ilà wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni kòkòrò ń kọ́lé sí. Omi tí ẹ sè ò níṣòro. Ilé tí ẹ fi í wọ̀ ni."

Mo fẹ́ fi hàn án pé èmi náà kàwé. Mo ní, "Ṣé kì í ṣe pé ike náà ló ní májèlé lára? Wọ́n ń pín in kiri lórí fóònù pé ó ń fa jẹjẹrẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí, Mọ̀mí. Ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ má rọ nǹkan gbígbóná sí i, ìyẹn ò dáa. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé yín dé ọ̀dọ̀ mi lónìí kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ìdọ̀tí ni."

Ìdọ̀tí. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé mi gan-an nìyẹn. Mo délé, mo ṣí fíríìjì, mo to ike inú rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ọ̀kan kún fún àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá láti Ìkẹ́rẹ́, omi ni ìyókù, n kò sì lè fi gbogbo ara sọ pé àgbo kò tíì wọ inú ìyókù yẹn rí. Mo jókòó tì wọ́n, mo sunkún. N kì í tètè sunkún, ẹni tó bá mọ̀ mí á jẹ́rìí sí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni mo wá Ìyá Kúdí lọ. Wọ́n ní ibùdókọ̀ Pleasure ló ń tà sí báyìí, lábẹ́ agbòòrùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tún táyà ṣe, níbi tí kò sí ẹni tó mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ó rí mi lókèèrè. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ nílé.

"Tíṣà, ẹ káàsán o. Ṣé ẹ tún wá lé mi níbí ni?"

Mo ní, "Rárá o, Ìyá Kúdí. Mo fẹ́ wá wo bí ẹ ṣe ń sè é ni."

Ó gbọ́ "ẹ" tí mo lò, mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó wá ní, "Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti pè yín, Tíṣà. Ẹ máa bọ̀."

Ilé rẹ̀ wà ní Bárúwà, òpópónà méjì péré sí tèmi. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò ó bí alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́. Ìkòkò rẹ̀ ń dán. Òdòdó rẹ̀ ló ń ṣà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó sè é títí ó fi hó dáadáa, ó sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòótọ́, pẹ̀lú aṣọ funfun tí mi ò ní irú rẹ̀ nílé. Mo ń wá ibi tí màá ti mú un, mi ò rí i. Lẹ́yìn náà ló wọ́ àpò ńlá kan jáde, àpò ike àlòkù. Ó bu ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú sínú ike kan, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ó wá bu iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sí i, ó dé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín kíkankíkan.

"Iyanrìn kẹ̀, Ìyá Kúdí?"

"Iyanrìn ló ń wẹ ìdí rẹ̀, Tíṣà. Ìyá mi ló kọ́ mi. Ìgò òróró ni àwọn fi ń ṣe é nígbà ayé wọn, á mọ́ kedere."

Ìgò òróró. Gíláàsì ni ìyá rẹ̀ ń fọ̀. Gíláàsì lè bá iyanrìn jà kó sì ṣẹ́gun, ike kò lè ṣe é. Mo gba ike náà, mo gé e bí mo ṣe rí i tí Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ gé tèmi, mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Gbogbo inú rẹ̀ ló kún fún ilà wẹ́wẹ́, bí ilẹ̀ tí adìẹ tàn. Mo fi òwú nù ún, òun náà di àwọ̀ ewé. Bí obìnrin yìí ṣe ń fọ̀ ọ́ tó ló ń ba á jẹ́ tó. Àwọn tí kì í fọ ike wọn dáadáa lè má fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ ní ibi tó o.

Ìyá Kúdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "A jẹ́ pé ọwọ́ mi náà ni, Tíṣà?"

"Ọwọ́ gbogbo wa ni," mo ní. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, ó sì padà. Ẹni tó ti ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì kì í mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ kí i.

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni ìjà. Mo bi í pé ta ló ń ta ike yìí fún yín. Ó ní Alága ni. Àwọn tó ń ta zóbò àti kunu láti Ìkòtún dé Ìgàndò ní ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Fàtáì Oníke ló sì ń ṣe alága wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Kì í ta ohun mímu kankan. Ike àlòkù ló ń kó jọ, láti ibi àpèjẹ, láti inú gọ́tà, láti orí ààtàn, á sì kó o tà fún àwọn obìnrin náà. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ra ike níbòmíràn. Mo ní háà, ẹni tí a ní kó fẹ́ wa lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Ìyá Kúdí mú mi lọ sí ìpàdé wọn. Ó dìde, ó gbé ike tí a gé sókè, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iyanrìn, ó ní bí gbogbo ẹgbẹ́ bá para pọ̀, a lè máa ra ike tuntun tààrà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, kò sì ní wọ́n wa lọ́rùn. Fàtáì kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ìyá Kúdí, ẹ̀yin tí wọ́n fìwé lé níléèwé, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ kọ́ wa ní ìmọ́tótó? Ẹ jókòó ṣá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wà níbẹ̀. Ó yẹ kí n dìde kí n sọ pé èmi ni mo kọ ìwé náà, pé mo ṣìṣe. Bàtà mi ni mo ń wò. Ìyá Kúdí nìkan ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Wọ́n lé mi lóòótọ́, Alága. Ike yín ni mo gbé lọ síbẹ̀."

Ẹ̀rín wọlẹ̀. Ó wá fi kún un pé, "Ìbò ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Èmi náà máa du àga yẹn."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀lé e dùn mọ́ mi ju gbogbo ìdáṣẹ́sílẹ̀ ayé mi lọ. A ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, èmi, Ìyá Kúdí, àlùmọ́gàjí kan àti òwú funfun. A kì í wàásù. A ó ní kí ìyá onílé mú ike tó bá dá a lójú jù wá fúnra rẹ̀, a ó gé e, a ó ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún. Òmíràn á ké, òmíràn á dákẹ́. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ tẹ̀lé wa ní Sátidé méjì, ó ń dáhùn ìbéèrè. Ní Ìgàndò, ìyá kan wo òwú rẹ̀ títí, ó ní, "Nǹkan tí mo ń fún ọkọ mi nìyí? Abájọ," gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín.

Fàtáì náà ń lọ kiri. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò gùn: ẹni tó bá dìbò fún Ìyá Kúdí kò ní rí ike gbà lọ́wọ́ òun láéláé, bó bá sì jẹ́ pé òun náà ló wọlé, òun á yọ olúwarẹ̀ lẹ́gbẹ́. Ẹ̀rù ba àwọn obìnrin náà. Ohun tó ṣáà tù wá nínú ni pé ìbò wọn jẹ́ ìbò ìkọ̀kọ̀, nítorí àṣà kan tí wọ́n ní. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ìwé kà, nítorí náà, ìdérí ike ni wọ́n fi ń dìbò. Ọmọ ẹgbẹ́ á gba ìdérí kan lẹ́nu ọ̀nà, á wọ ẹ̀yìn aṣọ títa, á jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹni tó bá wù ú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa ni ti Fàtáì, aláwọ̀ búlúù ni ti Ìyá Kúdí.

Wọ́n ní kí n ṣe alábòójútó ìbò, torí pé n kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Mo gbà, mo sì fúnra mi lọ ra ìdérí funfun tuntun ní Ìyànà Ìpájà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àpò Alága ló ti wá. Lọ́jọ́ ìbò, a kóra jọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò ní Ẹ̀gbẹ́dá. Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọwọ́ ara mi pín ìdérí náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìrun àílà tó, àwọn mùsùlùmí lọ kírun, àwa yòókù sì lọ wá nǹkan fi panu. A kó bọ́kẹ́ẹ̀tì méjèèjì sínú yàrá ẹ̀yìn, a tì í, ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ gbọ̀ngàn ni a fi kọ́kọ́rọ́ sí. Èmi tí mo ti rí onírúurú ìbò láyé yìí, èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀ tí mo lọ jẹ mọ́ínmọ́ín. Ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀.

A padà, a parí ìbò, a da bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Ti pupa ga bí òkìtì ọ̀gán. Ti búlúù, ẹ̀kúnwọ́ méjì ni. A kà á, iye rẹ̀ bá iye tí mo pín mu géérégé, kò lé, kò dín. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Fàtáì ti ń pariwo. Mo wo àwọn obìnrin yòókù, mo rí i pé wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni ń bi ara wọn pé, àbí ìwọ ni o yí padà? Ìyá Kúdí dúró ṣánṣán, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Mo mú bébà láti kéde. Inú mi bàjẹ́, ọwọ́ mi sì ń fi ìdérí kan láti inú òkìtì pupa yẹn ṣeré láìmọ̀.

Àtàǹpàkò mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Láti àárọ̀ ni etí àwọn ìdérí tí mo ń pín ti ń gún un. Èyí kò gún un. Mo yí i sókè. Ìdí rẹ̀ ṣófo.

"Alága," mo ní, "ẹ bá mi mú ìdérí kan níbẹ̀. Kí lẹ rí?"

"Ìdérí funfun ni. Kí ni kí n tún rí?"

"Ẹ wò ó dáadáa."

Ó wò ó. Ó yí i. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́, ọkùnrin náà kò rí nǹkan kan. "Ìdérí ni, Mọ̀mí. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí à ń lọ jàre."

Ìyá Kúdí ti sún mọ́ tábìlì. Ó mú ọ̀kan láti inú ti pupa, ó mú ọ̀kan láti inú ti búlúù, ó gbé méjèèjì sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè rí i. "Ìdérí tí wọn ò tíì ṣí rí máa ń ní òrùka nídìí. Bí wọ́n bá ti ṣí i, òrùka yẹn á kù sọ́rùn ike. Èyí tí Tíṣà fún wa lórùka. Èyí tó wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì Alága ò lórùka. Ẹ̀yin ará mi, ta ló ń ta àlòkù láàárín wa?"

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Nígbà tí mo ń jẹ mọ́ínmọ́ín ni wọ́n ti bu ìdérí inú búlúù lọ, tí wọ́n sì fi iye kan náà tí wọ́n gbé wá láti ilé kún ti pupa. Fàtáì ti bá ìdérí tí kò lórùka gbé fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ̀ mọ́ pé ìdérí máa ń ní òrùka. Ariwo sọ, mo rò pé páànù gbọ̀ngàn náà máa ṣí lọ. Fàtáì gbé ọwọ́ sókè, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká padà wá ní oṣù mẹ́ta sí i. Mo ní rárá, òní ni. Ó ní ìdérí dà? Mo ní a ò nílò ìdérí mọ́, kí kálukú jáde sí pápá, kó tò sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́.

Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ pé ìkọ̀kọ̀ ti tán. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tò, kí n rí yín."

A jáde. Oòrùn mú. Fàtáì dúró sí apá kan, Ìyá Kúdí dúró sí èkejì, àwọn obìnrin sì dúró gbagidi láàárín, kò sí ẹni tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ti àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ìgboyà jẹ́, ẹ má wo àwa akọ̀wé ẹgbẹ́ tí a ní owó oṣù. Ẹ wo obìnrin tí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ yẹn.

Ẹni tó kọ́kọ́ rìn ni Ìyá Ìbejì, oní-kunu Gowon Estate, ẹni tó dàgbà jù lọ nínú ẹgbẹ́. Ọ̀dọ̀ Fàtáì ló kọ́kọ́ forí lé. Ọkàn mi já. Ó dé iwájú rẹ̀, ó yọ ike kan nínú àpò rẹ̀.

Fàtáì ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ ò ṣe ohun tó burú. Ta ni ì bá máa fún yín ní ike lọ́la?"

"Fàtáì ọmọ mi, irú ike yìí ni ọmọ-ọmọ mi fi mu kunu tó fi sun ilé ìwòsàn ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ń bẹ̀rù rẹ láti ìgbà náà. Gba ike rẹ." Ó fi lé e lọ́wọ́, ó yí padà, ó sì rìn kọjá pápá náà lọ tọ Ìyá Kúdí, láìyára, nítorí orúnkún rẹ̀.

Kò tíì dé ibẹ̀ tí àwọn yòókù fi ya tẹ̀lé e. Ìlà náà gùn, ó yí pápá ká, ó gba géètì jáde sójú títì. Lẹ́yìn Fàtáì, ènìyàn mẹ́rin ló wà, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan. Bí mo ṣe ń kà á lọ, ìyàwó náà tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Bàbá Ṣakírù, ẹ má bínú o, èmi náà ní ọmọ tó ń lọ síléèwé," ó sì sáré sọdá. Mẹ́ta ni mo kọ sílẹ̀. Ayọ̀ tó wà ní pápá yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń jà. "Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ṣe é fún!" ni wọ́n ń kígbe, wọ́n ń fi ike àlòkù lu ara wọn, wọ́n ń jó. Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ gbé mi lọ́wọ́ sókè. Mo jó títí ẹ̀yìn fi ń ro mí.

Kí la rí gbà? Láti ọjọ́ náà, ike tuntun ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò, ẹni tó bá sì ra zóbò wọn á gbọ́ bí òrùka ìdérí ṣe ń já nígbà tó bá ń ṣí i. Fàtáì alára ti ń kó ike àlòkù tirẹ̀ fún àwọn tó ń yọ́ ọ láti fi ṣe nǹkan mìíràn, ó sì jẹ́wọ́ fún mi pé ọkàn òun balẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí la pàdánù? Àwọn obìnrin kan kò lè fara da àyípadà náà, wọ́n fi òwò sílẹ̀, orúkọ wọn ń dùn mí bí mo bá rántí. Inú fíríìjì ilé yín ńkọ́? Ìyẹn ni mi ò tíì ṣẹ́gun. Ẹ dìde níbi tí ẹ ti ń ka ìwé yìí, kí ẹ lọ wò ó.

Gbèsè kan ṣì kù, tèmi sì ni. Lẹ́yìn ìbò, Ìyá Kúdí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ wa àtijọ́, òun tó ti di alága, pẹ̀lú ike tuntun lọ́wọ́. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ báyìí ṣí fáìlì, ó ní kó má bínú, ìwé kan wà níbẹ̀ tó ní òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ gba obìnrin yìí láyè. Ìwé mi. Mo ní kí Ìyá Kúdí jẹ́ kí n lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ó mi orí. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé náà jáde, ó ṣì wà ní ìṣẹ́po mẹ́rin, ó ti gbó jákujàku.

"Ìwé lẹ fi lé mi, Tíṣà," ni ó wí. "Ìwé ni kí ẹ fi pè mí padà."

Ìwé tó béèrè náà nìyí, èyí tí ẹ ń kà yìí. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà rẹ̀ kó bá mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, lórí èyí tí mo lẹ̀ mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ìyá Kúdí kì í ṣe onídọ̀tí. Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tí ike àlòkù mẹ́rìnlá wà nínú fíríìjì mi. Mo jẹ̀bi rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i. Ìyá Kúdí, ẹ dárí jì mí. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yín padà sẹ́nu géètì.